Ẹni Tí Yóò Dáhùn fún Ilé Alágbẹ̀dẹ

Télọ̀ ni Tẹjúmádé. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé láti ọjọ́ òmìnira tó kọjá ni àwọn ènìyàn ti ń fún un ní oríṣiríṣi orúkọ: olórin àgbà, òpìtàn, àti èyí tí n kò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi sọ, ìyá àṣà. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀nà ọjà Ìkàrẹ́, níbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń yà sí bí òjò bá ṣú. Ó ti rán ṣòkòtò péńpé fún bàbá, ó rán fún ọmọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán fún ọmọ ọmọ báyìí. Orin kíkọ jẹ́ ohun tó ń ṣe nígbà tó bá ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tán.

Ohun kejì tó yẹ kí a tún ṣe. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun rí àsíá orílẹ̀-èdè wa lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fà á sókè ní ọdún 1960, pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, pé gbogbo ènìyàn dákẹ́ lọ́ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni lọ́dún náà. Ọ̀ka ni wọ́n ń gbé, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló sì wà. Ohun tó ṣeé ṣe kó rí lọ́jọ́ náà kò ju ọrùn ìyá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n n kò sọ èyí lójú rẹ̀ rí, nítorí pé Tẹjúmádé kì í fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ òun ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí òun kì í tún ṣe. Ó máa ń dá ènìyàn dúró lójú títì láti sọ fún un pé ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ kò gún. Ó dá ìyàwó pásítọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rí, ó ní yẹ̀rì rẹ̀ gùn ní apá òsì ju ọ̀tún lọ. Òótọ́ ni, ó gùn. Àmọ́ ìsìnkú bàbá obìnrin náà ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe.

Orin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Orin Ìsọ̀kalẹ̀. Orí òkè ni àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ọ̀ka ń gbé láyé àtijọ́, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ tó tẹ́jú wu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ayé rọ̀, agbo-ilé márùn-ún sọ̀kalẹ̀, wọn kò sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orin náà ń pè wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ilé Ọdẹ ló ṣáájú, àwọn ló rí ibi tó tẹ́jú. Ilé Ìdí-Ọ̀sán gbé èbù iṣu tẹ̀lé wọn. Ilé Olóbì ló tún kàn. Lẹ́yìn wọn ni ilé Alágbẹ̀dẹ, tí wọ́n gbé iná sọ̀kalẹ̀ nínú ìkòkò láìjẹ́ kó kú lọ́nà. Ilé Elépo ló kẹ́yìn, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí epo dà.

Bí olórin bá pe ilé kan, àwọn ọmọ ilé náà tó wà ní ìjókòó gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "A wà níbẹ̀." Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń pè. Bí ilé kan kò bá dáhùn ní gbangba, wọ́n á fò ó, wọn kò sì ní pè é nínú orin náà mọ́ láéláé. Wọ́n gbà pé ilé náà ti tán nìyẹn. Bí olórin bá sì ṣi ohunkóhun sọ, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń gbọ́ lè ní, "Padà sókè," olórin á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Ẹni tó ń pe kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè. Ibi tí bàtà ti ń ta Tẹjúmádé lẹ́sẹ̀ nìyí, nítorí pé ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ orin náà tán.

Kò tún sí ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ mìíràn nítòsí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú. Àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó àti lókè òkun, wọ́n máa ń fi àwòrán àsíá ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù lọ́jọ́ òmìnira. Òrùlé ilé náà ti wó sí apá kan, ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń sùn ní pálọ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n kọ orin náà ní gbangba, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ló dáhùn. Nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, wọ́n fẹ́ kọ ọ́, òjò dé. Nígbà tó pé ọgọ́ta, àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kóra jọ. Ní ìdánrawò wọn ní Ọ̀ka, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣàánú rẹ̀. Bó bá pe ilé Alágbẹ̀dẹ, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á ṣe bí ẹni pé àwọn gbọ́ ìdáhùn, wọ́n á sì kọjá sí ilé Elépo.

Ẹni tí kì í bá wọn ṣe é ni Ìyá Limota, àgbà ilé Ọdẹ, obìnrin kúkurú kan tó ní ọ̀pá tó ga jù ú lọ. Nígbà tí ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ayẹyẹ ọdún márùndínláàádọ́rin òmìnira ní Ìkàrẹ́ fẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní Àkókó fi orin sọ ìtàn ara rẹ̀, ó pe Tẹjúmádé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá, yàrá ló mọ. Lójú gbogbo Àkókó, òun kò ní fara mọ́ irọ́.

Tẹjúmádé ní ọmọbìnrin kan, Grace, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Ọmọ ìlú Ìkàrẹ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti gbà pé ọmọ tí obìnrin ilé bí lè dáhùn fún ilé. Ìyá Limota pàápàá gbà, lẹ́yìn tó ti ronú lé e lórí fún bí oṣù kan. Àkúrẹ́ kò jìnnà, ìdí nìyẹn tí Grace kì í fi í wá. Bó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló wà ni, à bá ti máa rí i ní gbogbo Kérésìmesì. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó sọ fún un pé bí kò bá wá lọ́jọ́ òmìnira, ilé bàbá òun ti tán nìyẹn. Grace ní òun ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, òun ń bọ̀. Ó tún béèrè bóyá wọn yóò fún àwọn ènìyàn ní oúnjẹ níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró báyìí, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé. Alága wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Rufus, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni jẹ́jẹ́ tó bẹ̀rù ìjà ju ohunkóhun lọ. Ó mọ̀ pé kò sí ìlú kan ní Àkókó tí ẹnu ti kò lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹgbẹ́ méjì láti ìlú kan náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé tó to ara wọn láti yan. Ó wá ronú, ó sì rí ọgbọ́n kan. Ó pàṣẹ pé gbogbo orin ìtàn gbọ́dọ̀ to orúkọ àwọn ilé àti àdúgbò ní ìbámu pẹ̀lú ábídí. Ẹni tí ìtàn bá gbé ṣáájú lè fa ìjà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ábídí jà?

Ní tòótọ́, ó to ábídí náà dáadáa. Ó fi O ṣáájú Ọ, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde ní yunifásítì kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé ilé Elépo yóò dé ìsàlẹ̀ òkè, wọn yóò sọ ẹrù kalẹ̀, kí àwọn ọdẹ tó rí ibẹ̀ tó mọ̀ pé ibẹ̀ wà.

Tẹjúmádé lọ bá a nílé. Ó fi ìkúnlẹ̀ kí i, ó sì fi ìdúró bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ábídí ló kó wa sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni?"

"Ẹ jókòó ná, Ìyá Grace. Àlàáfíà la ń wá."

"Bó bá jẹ́ ẹnu mi lẹ fẹ́ gbà parọ́, ẹ wá ẹnu mìíràn."

Ó kúrò níbẹ̀ tìbínú-tìbínú, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé títí dé ṣọ́ọ̀bù pé òun kò kọ orin kankan mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ti ń ṣẹ́tí aṣọ kan lọ́wọ́, ó ń ka ábídí fún ara rẹ̀ kó lè mọ bí ìwà ẹ̀gàn náà ṣe pọ̀ tó. A ló fi bẹ̀rẹ̀. A kan náà ni Alágbẹ̀dẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé iṣu méjì lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Rufus. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà mọ́jú, pé àlàáfíà dára, pé ábídí kì í ṣe ojúsàájú. Ilé tó ti wà ní ipò kẹrin láti ìgbà ìwáṣẹ̀ yóò wá ṣáájú gbogbo Ọ̀ka níwájú máìkì. Ó pe Grace pé kó tètè dé o, pé ilé wọn ló máa kọ́kọ́ jẹ́ ìpè.

Nígbà tí ọjọ́ pé, pápá ilé-ìwé kan ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n lò. Wọ́n ta kánópì, wọ́n fi aṣọ àwọ̀ ewé àti funfun wé àwọn òpó, wọ́n sì gbé àga aláṣọ síwájú fún aṣojú ìjọba tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá ka ọ̀rọ̀ ìkíni. Àwọn ọmọdé yan kọjá nínú aṣọ tí Tẹjúmádé rán. Ẹgbẹ́ tó wá láti Arigidi ló kọ́kọ́ kọrin. Èdè tiwọn ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó gbọ́ èdè náà, nítorí náà wọ́n yìn wọ́n pé wọ́n tẹ̀lé òfin ábídí.

Grace kò tíì dé. Ó ti jáde nílé láti àárọ̀, àmọ́ ọkọ̀ kò kún ní gáréèjì Àkúrẹ́ nítorí ìsinmi, dírẹ́bà sì ní òun kò ní fi ìjókòó òfìfo rìn nítorí òmìnira. Nígbà tí atọ́kùn ètò, Israel, pe àwọn ará Ọ̀ka síwájú, ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kúrò ní Ọ̀wọ̀. Kafilat, ọmọ ilé Elépo tó máa ń bá a gbe orin, ló fi fóònù Tẹjúmádé sí ìdí ìró rẹ̀, òun ló ń gbọ́ ibi tí Grace dé. Kafilat náà ló sọ gbogbo èyí fún mi, láìsí i, n kì bá tí lóye ohun tí mo rí.

Tẹjúmádé gba máìkì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, agogo tẹ̀lé e. Ọ̀gbẹ́ni Rufus rẹ́rìn-ín, ó ti na ìwé ábídí rẹ̀ sí orí itan. Obìnrin tó gbé iṣu méjì nítorí ipò kìíní wò káàkiri pápá, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì pe ilé Ọdẹ.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gbẹ́ni Rufus. Ìyá Limota fi ọ̀pá kan ilẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì dáhùn pé àwọn wà níbẹ̀. Ó rò pé Tẹjúmádé ti ronú pìwà dà. Ipò kẹrin ni Tẹjúmádé ń wá báyìí, bí ipò kẹwàá bá sì wà, ì bá gbà á.

Ó fa ẹsẹ ilé Ọdẹ gùn bó ti lè gùn. Ó kọ ilé Ìdí-Ọ̀sán. Nígbà tó di ti ilé Olóbì, Kafilat sọ sí i létí pé, "Ọ̀bà ni ọkọ̀ Grace wà." Tẹjúmádé tún wo ẹnu ọ̀nà, ó sì kọ ọ́ pé ilé Olóbì ló gbé èbù iṣu sọ̀kalẹ̀.

Ọkùnrin kan láti ilé Ìdí-Ọ̀sán dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Padà sókè. Èbù wa nìyẹn."

Ó padà sókè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wo ara wọn. Ní gbogbo ìgbà tó ti ń kọrin yìí, òun ló máa ń dá àwọn yòókù padà. Ó tún pe ilé Ọdẹ, ó pe Ìdí-Ọ̀sán, ó fún wọn ní èbù wọn, ó sì fi àwọn òkúta tó wà lójú ọ̀nà sí ibi tí wọn kò sí. Wọ́n tún dá a padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sọ pé òru ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀sán gangan ni. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn mi ní ọjọ́ orí ti dé sí i, pé ó yẹ kí wọ́n ti wá ọ̀dọ́ sí i. Bí máìkì ti ń dún tó, Tẹjúmádé gbọ́ ẹ̀rín náà. Òógùn bò ó lójú. Obìnrin tí kò lè fi ìṣẹ́tí tó wọ́ sílẹ̀ fún ọ̀fọ̀ dúró níwájú gbogbo Àkókó, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan.

Israel sún mọ́ ọn, ó rọra sọ pé aṣojú ti ń wo aago. Ọ̀gbẹ́ni Rufus ń fi ìwé ábídí fẹ́ ara rẹ̀. Ìyá Limota ló dá Israel lóhùn láti ibi tó jókòó sí. Ó ní wọn kì í fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ sí àárín òkè, pé kó jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ tán.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Tẹjúmádé kò ní agbára láti ṣi nǹkan kan sọ mọ́. Ohùn rẹ̀ ti ń há. Ó kọ Ọdẹ, ó kọ Ìdí-Ọ̀sán, ó kọ Olóbì, gbogbo rẹ̀ gún régé. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà pápá. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ń ta omi tútù. Ó la ẹnu láti pe ilé Alágbẹ̀dẹ.

"Padà sókè," ni Ìyá Limota wí.

Àwọn ọmọ rẹ̀ wò ó. Ọkùnrin ilé Ìdí-Ọ̀sán ní, "Ìyá, kí ló ṣì?"

"Mo ní kó padà sókè."

"Kò ṣi nǹkan kan, Ìyá."

"Ìwọ ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àbí?"

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mo fetí sí i dáadáa, mo sì lè fi orúkọ mi sí i. Ìyá Limota kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ọwọ́ ọ̀pá rẹ̀ ló ń wò. Tẹjúmádé wò ó, ó sì padà sí orí òkè.

Ọkadà kan wọlé nígbà tí wọ́n wà ní ilé Ìdí-Ọ̀sán. Grace sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú báàgì, ó gba ẹ̀gbẹ́ kánópì wá síwájú, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Limota gan-an. Inú rẹ̀ dùn. Kò tíì rí ìyá rẹ̀ níwájú máìkì rí. Ó yọ fóònù, ó gbé e sókè, ó ń ya fídíò.

Tẹjúmádé kọ ẹsẹ iná inú ìkòkò. Ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó pe ilé Alágbẹ̀dẹ.

Grace rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Grace ń wá ọ̀nà láti mú kí ojú ìyá rẹ̀ tóbi sí i nínú àwòrán. Kafilat ti ń fi ojú pè é, ó ń fi àgbọ̀n pè é. Aṣojú tó wá láti Àkúrẹ́ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í wò yíká bí ẹni pé òun ni wọ́n ń pè.

Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Limota gbé ọ̀pá, ó sì fi gún ọmọ náà ní ẹsẹ̀. "Ìwọ ni wọ́n ń pè."

Fóònù bọ́ sílẹ̀. "Mọ́mì," ni Grace ké, "mo ti dé."

Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Ọkùnrin ilé Ìdí-Ọ̀sán ní ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ilé náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsọ̀kalẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ìgbà tí ọmọ yìí dé láti Àkúrẹ́. Ẹlòmíràn ní ó ti fọhùn, ó fọhùn. Tẹjúmádé dúró, máìkì wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè bá wọn dá sí i, nítorí pé ẹni tó ń pe kò ní ẹnu nínú ìdáhùn.

"Ó ti jẹ́," ni Ìyá Limota wí. "Ó ku Elépo."

Tẹjúmádé kò sáré lọ dì mọ́ ọmọ rẹ̀, orin kò fàyè gba ìyẹn. Ó pe ilé Elépo, Kafilat sì dáhùn pẹ̀lú ohùn tí wọ́n á ti gbọ́ ní Akùngbá. Lẹ́yìn náà ni aṣojú ka ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀. Ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́, ó rí i pé oúnjẹ ti ń jáde, ó sì fo gbogbo èyí tó kù.

Ìròyìn tí wọ́n gbé kiri lẹ́yìn náà ni pé olórin àgbà kan láti Ọ̀ka gbàgbé orin rẹ̀ lórí pápá, ìgbà márùn-ún ni wọ́n dá a padà. Èmi fẹ́ kọ̀wé láti tún un ṣe, nítorí pé ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dá a padà, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì lẹ́tọ̀ọ́. Tẹjúmádé ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.